Dírẹ́bà Tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Kékeré ni mo ṣì wà, n kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùọ̀dá Ràṣídì, ṣí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà sí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ ó rántí irú kọ̀ǹpútà tí mò ń wí. Ojú rẹ̀ sanra dé ẹ̀yìn bí orí màlúù, àpótí ńlá rẹ̀ á sì wà nílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, tí yóò máa kùn ṣáá. Tókunbọ̀ ni gbogbo wọn. Bí a bá tàn wọ́n láàárọ̀, òórùn eruku gbígbóná á gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù, bí òórùn aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ irú rẹ̀ níbì kan, inú mi á kọ́kọ́ dùn díẹ̀, lẹ́yìn náà àyà mi á já.

Bàbá wa ti kú kí n tó gbọ́njú. Màámi ló ń tọ́ wa, gàrí ló sì ń yan lẹ́yìnkùlé. Láti Ìrẹsà, ìlú ìyá rẹ̀, ni ẹ̀gẹ́ ti ń wá, kí n tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ bá a bó díẹ̀ nínú rẹ̀. Èéfín á máa ta mí lójú, omi ẹ̀gẹ́ á máa ro lọ́wọ́ mi. Bí a bá jáde ilé ìwé, mo di ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń nu ojú kọ̀ǹpútà, èmi náà ni wọ́n ń rán lọ ra ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná fún Bùọ̀dá àti fún ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, Àǹtí Sáídátù, tó ń bá a tẹ̀wé. Lásìkò máńgòrò, tí gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ á máa rùn bí oyin, mo fi ọwọ́ tí omi máńgòrò wà lára rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ wò. Bùọ̀dá ní kí n kúnlẹ̀ kí n kọjú sí ògiri, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, títí apá mi fi dà bí apá ẹlòmíràn. Ó wá jókòó tì mí, ó ní, “Rìsíkátù, ẹ̀rọ kì í jẹ máńgòrò.” Ẹ̀rín pa èmi náà níbi tí mo ti ń sunkún.

Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù náà kò gbè é. Iná ìjọba kì í dúró, oníbàárà kò pọ̀. Bùọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Kàmọ̀rù jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ Ìyá Kàmọ̀rù alágbàfọ̀ ni Kàmọ̀rù, ilé wọn kò ju ẹ̀yìn ilé wa lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bí ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tú jáde, a gbọ́ pé Líbíà ni wọ́n ń lọ, pé láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti wá ọ̀nà kọjá òkun. Màámi sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó ran alífáà àdúgbò sí i. Nígbà tó rí i pé kò ní gbọ́, ó di ẹrù fún un. Sábó ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ Kánò, èmi náà sì wà níbẹ̀. Kàmọ̀rù ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi fìlà rẹ̀ juwọ́ sí wa títí ọkọ̀ fi yà.

Kí Bùọ̀dá tó lọ, ó jókòó ti Àǹtí Sáídátù nídìí kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, níbi yòówù tí òun bá wà, òun yóò wá kaféè, òun yóò sì jókòó síbi tí àwọn ènìyàn ti ń tẹ ọ̀rọ̀ síra wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí orúkọ òun bá ti tan ìmọ́lẹ̀, kí a mọ̀ pé òun wà láyé. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé síbẹ̀, nítorí ó ti gbà á sínú fúnra rẹ̀. Àǹtí kò mọ̀ ọ́n. Kò sì sí ẹni tó ronú láti bèèrè.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ láti Kánò, lẹ́yìn náà láti Àgádẹ́sì, ìlú kan létí aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ Nìjẹ̀. Ó ní wọ́n ti jí fóònù òun, pé wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó wọn la aṣálẹ̀ kọjá. Màámi á dúró lẹ́yìn àga Àǹtí, ìyẹ̀fun gàrí á ṣì wà ní apá rẹ̀, á ní, “Sọ fún un kó máa mu omi.” Gbogbo ìgbà ni ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó máa ń tẹjú mọ́ àwọn lẹ́tà yẹn bí ẹni pé ojú ọmọ rẹ̀ wà nínú wọn.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni òjò ṣú. Àrá sán sí òpó tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Mo rí iná búlúù kan tó já wálẹ̀ lára wáyà, gbogbo ẹ̀rọ sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òórùn tó jáde lọ́jọ́ náà kì í ṣe òórùn tí mo fẹ́ràn.

Bùọ̀dá Délé tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lódìkejì títì wá lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun. Ó tú kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní àánú Ọlọ́run ni, pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bàjẹ́, káàdì tí wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ nìkan ló jó. Ó fi káàdì tókunbọ̀ mìíràn sí i, ó tan ẹ̀rọ. Gbogbo nǹkan jáde bó ti yẹ, àfi nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, níbi tí àmì ẹ̀kísì pupa kan dúró sí, irú èyí tí tíṣà ń fà sí iṣẹ́ ẹni tó kùnà. Lẹ́yìn náà ni àpótí kékeré kan yọ lójú ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òyìnbó nínú rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni rédíò ti sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó èrò lọ sí Líbíà bàjẹ́ láàárín aṣálẹ̀, tí òǹgbẹ sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì gbọ́. Màámi ti gbọ́. Ó sáré dé láìwọ bàtà, ó bá Àǹtí níbi tó ti ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ.

“Kí ló wí?” Màámi bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Àǹtí kò bojú wẹ̀yìn. “Ó ní òun ò rí dírẹ́bà.”

Màámi di ilẹ̀kùn mú. “Wọn ò rí dírẹ́bà? Àwọn èrò tó kó ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bèèrè nínú wa. Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń pe Bùọ̀dá ní oríkì rẹ̀: Àlàó, Àlàó. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo wo àmì pupa yẹn, mo wo ìyá mi nílẹ̀, mo gbà lọ́kàn mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú, pé kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ mọ̀.

Bùọ̀dá Délé ló yé ṣáájú. Ó kúnlẹ̀ ti Màámi. “Màámi, ẹ má bínú. Kì í ṣe dírẹ́bà ọkọ̀. Káàdì tí mo fi sí i yìí ni ẹ̀rọ ò mọ̀. Ohun tí yóò kọ́ ẹ̀rọ bí yóò ṣe lo káàdì, òun ni wọ́n ń pè ní dírẹ́bà.”

Màámi wò ó títí. Ó ní, “Ẹni tó sọ nǹkan lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní ọmọ lójú ọ̀nà.”

Nígbà náà ló tó sọ ohun tí rédíò wí. Bí ẹ̀rù ṣe kúrò lórí ọ̀kan ló bọ́ sórí èkejì. Bùọ̀dá Délé fi gbogbo abọ́ sídíì dírẹ́bà tó ní dánwò, ọ̀kankan kò gbà. Bí èyí bá wọlé, ẹ̀rọ á ní káàdì náà kò lè ṣiṣẹ́. Bí a bá fi òmíràn sí i, á ní òun ò rí ohun tóun ń wá. Wọ́n pe ìrun Jímọ̀, wọ́n kírun tán, àwọn ènìyàn ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. A mọ̀ pé àkókò yẹn ni Bùọ̀dá máa ń jókòó, bó bá wà láyé. Màámi jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò lè sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi tẹ̀.

Àǹtí lọ sí kaféè mìíràn, ó ṣí àpótí lẹ́tà tuntun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ̀wé sí Bùọ̀dá pé, “Èmi Sáídátù ni, jọ̀wọ́ fèsì.” Kò fèsì. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò ṣeé gbé. Gàrí Màámi ń jóná nínú agbada, kò mọ̀. Nílé ìwé, ọmọ kan ní kíláàsì wa sọ pé bí òǹgbẹ bá ń pa ènìyàn láṣálẹ̀, iyanrìn ni yóò máa bù mu. N kò lè mu omi lọ́jọ́ náà láìṣe pé ọ̀rọ̀ yẹn wá sí mi lọ́kàn. Ìyá Kàmọ̀rù ń wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kì í jókòó. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ á ti funfun fún ọṣẹ, yóò ní, “Ẹ̀rọ yẹn ò tíì dáhùn?” Màámi á ní rárá. Á ní, “Yóò dáa, a ó gbóhùn wọn,” á sì lọ.

Àǹtí ló rántí pé Ọ̀yọ́ ni Bùọ̀dá ti ra àwọn kọ̀ǹpútà náà, lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà Akẹ̀sán. Láàárọ̀ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ó tú káàdì náà jáde, ó wé e sínú àkísà ìborùn. Màámi ní, “Mú Rìsíkátù dání. Ọ̀nà yẹn ò dára fún ẹnì kan ṣoṣo.” Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ ayé ìgbà yẹn, bí àwọn tírélà ṣe máa ń wá lápá tí kì í ṣe tiwọn. Bí a bá ti pàdé ọ̀kan, mo máa ń di ẹsẹ̀ Àǹtí mú. Mò ń ronú pé bí a bá kú sọ́nà, ta ni yóò wá sọ fún Màámi?

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá gbé káàdì náà síta sínú oòrùn, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó sún un mọ́ ojú.

“Orúkọ ara páálí kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n,” ó ní. “Nọ́ńbà tó wà lára nǹkan dúdú àárín yìí ni. Òun ló ń pe dírẹ́bà rẹ̀.”

Ó kó páálí ńlá kan jáde, ó ń tú abọ́ sídíì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run pẹ̀lú gbogbo súrà Kùránì tí mo mọ̀. Nígbà tó yá, ó mú ọ̀kan tí ara rẹ̀ ti họ. Ó bèèrè ìdí tí a fi ń kánjú tó bẹ́ẹ̀, Àǹtí sì sọ fún un. Ọkùnrin náà gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́. Ó ní, “Bó bá tún kọ̀, ẹ yọ káàdì náà, ẹ fi írésà nu eyín rẹ̀ tó ń dán yìí, kí ẹ wá tì í bọ ihò mìíràn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ gbóhùn rẹ̀.”

A dé Takie, wọ́n ti ń pe ìrun. Màámi, Bùọ̀dá Délé àti Ìyá Kàmọ̀rù ti ń dúró. Wọ́n fi sídíì sí i, ẹ̀rọ kùn, ó kùn, àpótí kékeré tún yọ: ẹ̀rọ rí dírẹ́bà, ṣùgbọ́n káàdì kò lè bẹ̀rẹ̀. Àǹtí gbé orí lé tábìlì. Ìyá Kàmọ̀rù ní òun kò lè wò ó mọ́, ó ní òun ń lọ ká aṣọ oníbàárà kí òjò má baà pa á.

Mo yọ írésà mi nínú báàgì ilé ìwé, mo gbé e fún Àǹtí. Ó nu eyín káàdì náà, ìdọ̀tí dúdú ń jáde. Bùọ̀dá Délé bá a di ara àpótí mú. Wọ́n tì í bọ ihò kejì. Wọ́n tan ẹ̀rọ. A ń wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ̀kísì pupa yọ, ó dúró, ó dúró, ó sì pòórá.

Kò sẹ́ni tó pariwo. A mọ̀ pé apá tó le jù ló kù. Ojú ìwé tí orúkọ ń wà ṣí fúnra rẹ̀. Orúkọ Bùọ̀dá àti ti Kàmọ̀rù wà níbẹ̀, méjèèjì ṣì dà bí eérú, wọn kò tíì tan ìmọ́lẹ̀. A dúró. Àwọn tó kírun ti ń jáde lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Màámi ń ka tẹ̀sùbáà, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ìgbà tí n kò retí ni orúkọ Bùọ̀dá tan ìmọ́lẹ̀.

“Ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o,” bẹ́ẹ̀ ló kọ. “Ṣé àlàáfíà ni?”

Àǹtí kà á, ó bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n Màámi na ọwọ́. “Dúró. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ìyẹn. Bó bá jẹ́ òun ni, kó sọ ohun tí mo dì fún un lọ́jọ́ tó ń lọ.”

Àǹtí tẹ̀ ẹ́. Èsì wá wéré. “Gàrí Ìrẹsà, ẹ̀pà, àti ìgò epo pupa. Ẹ sọ fún Màámi pé epo yẹn ti dà sí gbogbo aṣọ mi lára.”

Màámi rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bùọ̀dá kọ pé ibà ló dá òun dùbúlẹ̀ ní Àgádẹ́sì, pé òun kò lè dìde ní ọ̀sẹ̀ méjèèjì yẹn, pé oníṣòwò àlùbọ́sà kan tó jẹ́ Haúsá ló gba òun sílé. Àǹtí bèèrè ìdí tí kò fi fèsì lẹ́tà òun. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, òun rò pé àwọn gbájú-ẹ̀ ni. Gbogbo wa tún rẹ́rìn-ín.

Màámi ló kọ́kọ́ dákẹ́. “Bi í pé Kàmọ̀rù ńkọ́.”

Ẹ̀rọ fi hàn pé ó ń kọ̀wé. Lẹ́yìn náà ó fi hàn pé kò kọ̀wé mọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé, Àǹtí kò kà á sókè mọ́, Màámi ló ní kó kà á.

“Nígbà tí ibà dá mi dúró, mo ní kó dúró dè mí. Ó ní bí òun bá ṣáájú, òun yóò wá ibi tí a ó máa gbé. Ó ti bá ọkọ̀ lọ. Màámi, ọkọ̀ tó bàjẹ́ yẹn ni.”

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán lórí páánù. Màámi tún ìró rẹ̀ ró, ó mú mi lọ́wọ́, a sì kọjá sí ilé Ìyá Kàmọ̀rù. A bá a níbi tó ti ń ká aṣọ, èyí tó ti ká wà ní èjìká rẹ̀. Màámi dúró tì í. Ìyá Kàmọ̀rù wo ojú rẹ̀, ó wo tèmi.

“Ràṣídì ti dáhùn?” ó bèèrè.

Màámi ní, “Ó ti dáhùn.”

“Alíhámúdùlíláì,” ni Ìyá Kàmọ̀rù wí. Ó rọra gbé gbogbo aṣọ náà sílẹ̀ sórí koríko tútù, aṣọ funfun tó ti fọ̀ mọ́, ó sì jókòó lé e.

Àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà ní Sábó ló bá wa ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn lọ́hùn-ún, orí ẹrù àlùbọ́sà sì ni Bùọ̀dá jókòó sí dé Kánò, kó tó délé. Ó gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sá fún un níjọ́ àkọ́kọ́. Kò sọ ti ìrìn àjò mọ́, ṣọ́ọ̀bù ló padà sí. Ìròyìn Kàmọ̀rù kò dé. Kò sí ẹni tó rí òkú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rí i láàyè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní gbogbo Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Ìyá Kàmọ̀rù á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Bùọ̀dá á ṣí ojú ìwé náà fún un láìbèèrè, á tọ́ka sí orúkọ ọmọ rẹ̀ tó dà bí eérú. Obìnrin náà á wò ó, á dúpẹ́, á lọ sílé.

Ayé ti yí. Àwọn ọmọ mi kò mọ abọ́ sídíì, wọn kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ dírẹ́bà nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ òde òní ti ń wá tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, wọ́n á máa bínú bí ẹni tí ebi ń pa. Inú aṣálẹ̀ gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi fídíò ránṣẹ́ sílé báyìí, wọ́n ṣì ń lọ, àwọn ìyá wọn sì ń rí wọn kedere nínú iyanrìn, wọn kò kàn lè fà wọ́n jáde ni. N kò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé láìpẹ́ yìí, mo bá Ìyá Kàmọ̀rù lórí fóònù. Ó ti darúgbó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú Ìbàdàn ló pè é, ojú rẹ̀ hàn kedere lójú fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ tán, ọmọ ní ó dàárọ̀. Ìyá Kàmọ̀rù fa ìka sẹ́yìn kó má baà kan ibi pupa tí wọ́n fi ń pa ìpè.

“Má tíì lọ,” ó ní. “Má sọ nǹkan kan. Ṣáà jẹ́ kí n máa wò ọ́.”